Kì í Ṣe Iye Ẹlẹ́rìí, Irú Ẹlẹ́rìí Ni: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìtọ́ka Wò Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ènìyàn bá jáde ní Maitama, àdúgbò àwọn ọlọ́lá ní Àbújá, tí ó sì ré òpópónà márosẹ̀ tí ó lọ sí Kubwa kọjá, Mpape ni yóò gùn kàn lórí òkè. Abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Bwari ni ìlú náà wà. Àwọn Gbagyi ni onílẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ti di ará ibẹ̀, nítorí pé owó ilé níbẹ̀ kò ga tó ti àárín ìlú. Òkúta ni a fi mọ Mpape. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fọ́ òkúta níbẹ̀ fún kíkọ́ ilé àti títẹ́ títì ní olú-ìlú wa. Ọ̀kan nínú àwọn kòtò tí a ti wa òkúta tẹ́lẹ̀ ti kún fún omi, ó sì ti di adágún tí àwọn ènìyàn ń wá wò.

Ẹni tí ó bá ti ra òkúta wẹ́wẹ́ rí kò ní í ṣàì mọ̀ pé kì í ṣe iye típà tí wọ́n já sílẹ̀ nìkan ni a ń kà. Eruku lè pọ̀ nínú rẹ̀ ju òkúta lọ. Ó sì lè jẹ́ òkúta tí ó ti jẹrà, èyí tí yóò fọ́ yángá bí a bá fi òòlù kàn án. Típà kan tí ó mọ́ sàn ju márùn-ún tí eruku ti jọba nínú wọn lọ, nítorí pé ilé tí a bá fi eruku dì kò ní í pẹ́ tí yóò fi sán.

Ọgbọ́n kan náà ni ó yẹ kí ẹni tí ó ní ojú òpó lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi máa wo àwọn ojú òpó mìíràn tí ó ń darí ènìyàn wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Líǹkì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe irú ìdarí bẹ́ẹ̀; ìtọ́ka ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sí ojú òpó kan ni, tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, yóò gbé e lọ sí ojú òpó mìíràn.

OHUN TÍ Ó KAN ARÁ MPAPE NÍNÚ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ Yorùbá kan tí ó ń ta òkúta wẹ́wẹ́ ní Mpape ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti ṣí ojú òpó tirẹ̀, ó ti kọ irú òkúta tí ó ń tà sí i àti nọ́ḿbà tẹlifóònù rẹ̀. Ohun tí ó ń fẹ́ ni pé kí ẹni tí ó ń kọ́lé ní Gwarinpa tàbí ní Lugbe, bí ó bá béèrè òkúta ìkọ́lé lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìṣàwárí bí Google, rí orúkọ òun lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ jáde. Ìfẹ́ yìí kì í ṣe ìfẹ́ asán. Ní ọdún 2012, ọ̀rọ̀ wíwó ilé gbóná ní Mpape, àwọn olùgbé ibẹ̀ sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Oṣù kejì ọdún 2017 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Olú-Ìlú Àpapọ̀ tó dá wọn láre. Ẹni tí ó bá ti fi ọdún márùn-ún gbáko ṣòwò lábẹ́ irú ìfòyà bẹ́ẹ̀ mọ iyì ohun tí katapílà kò lè wó. Ṣọ́ọ̀bù lè ṣí kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn, àmọ́ ojú òpó a máa tẹ̀ lé olówò rẹ̀ lọ síbi tí ó bá ṣí lọ.

Nígbà tí ọkùnrin yìí ṣì ń ronú bí òkìkí ojú òpó rẹ̀ yóò ṣe kàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè é lórí tẹlifóònù pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ fún mi lówó díẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹgbẹ̀rún ojú òpó ni yóò máa tọ́ka sí tiyín.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Kí ó tó tọwọ́ bọ àpò, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó bi í: ta ni àwọn ẹgbẹ̀rún náà, kí sì ni wọ́n mọ̀ nípa òkúta?

BÍ ÌTỌ́KA ṢE DI Ẹ̀RÍ

Kí a tó lè dáhùn ìbéèrè yìí, ó yẹ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1998, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Larry Page àti Sergey Brin, dá ilé iṣẹ́ Google sílẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí ti wà ṣáájú tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń wo iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ tí a béèrè farahàn nínú ojú ewé kan. Ẹni tí ó bá kọ “òkúta” ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lè tipa bẹ́ẹ̀ borí ẹni tí ó kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni ìkejì ni ó ní òkúta lọ́wọ́.

Page àti Brin yíjú sí àṣà àwọn ọ̀mọ̀wé. Bí ọ̀mọ̀wé kan bá kọ ìwé, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń mẹ́nu ba ìwé náà nínú tiwọn, a mọ̀ pé ìwé náà níye lórí. Láti ọdún 1964 ni Eugene Garfield ti ń tẹ ìwé atọ́ka kan jáde ní Amẹ́ríkà, tí ó ń fi hàn bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń mẹ́nu ba iṣẹ́ ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì gbé ọgbọ́n yìí lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì sọ ìṣirò wọn ní PageRank. Ohun tí ó dá lé ni pé bí ojú òpó kan bá tọ́ka sí òmíràn, ó dà bí ẹni pé ó dìde ní gbangba láti jẹ́rìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò dọ́gba. Ẹni tí àwọn ènìyàn ńlá ti jẹ́rìí fún ni ẹ̀rí tirẹ̀ náà ń wúwo. Bí ẹlẹ́rìí bá sì ń jẹ́rìí fún gbogbo ayé, ṣe ni ìwúwo ẹ̀rí rẹ̀ ń pín wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Bí ìwúwo ojú ewé kan bá jẹ́ 100, tí ó sì tọ́ka sí ibi 4 péré, 25 ni yóò kan ibì kọ̀ọ̀kan. Bí ìwúwo ojú ewé mìíràn bá jẹ́ 10, tí ó sì tọ́ka sí ibi 1,000, 0.01 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí òǹtajà òkúta wa bá kó 1,000 irú ìtọ́ka kejì yìí jọ, 10 náà ni gbogbo rẹ̀, kò sì tó ìdajì ohun tí ìtọ́ka kan ṣoṣo láti ojú ewé àkọ́kọ́ yóò fún un. Ìṣirò tí Google ń lò lóde òní jinlẹ̀ ju èyí lọ fíìfíì, ó sì ń wo ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ náà kò yẹ̀.

NÍGBÀ TÍ ÀWỌN ẸLẸ́RÌÍ ÈKÉ DÉ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Kò pẹ́ tí ayé mọ̀ pé ìtọ́ka ń gbé ojú òpó ga ni títà àti rírà rẹ̀ di òwò. Àwọn kan kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú òpó tí kò sẹ́ni tí ń kà wọ́n, kí wọn lè máa tọ́ka láti orí wọn sí ẹni tí ó bá sanwó.

Ní oṣù kejì ọdún 2011, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí kan. Ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, JCPenney, ń lékè lórí Google nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń wá aṣọ, ibùsùn, kápẹ́ẹ̀tì àti ọ̀pọ̀ ọjà mìíràn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú òpó ni wọ́n bá tí ó ń tọ́ka sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú aṣọ tàbí ibùsùn. Google rẹ ilé ìtajà náà sílẹ̀. Ilé ìtajà náà ní òun kọ́ ni òun pàṣẹ rẹ̀, ó sì dá àwọn tí ó ń bá a ṣe iṣẹ́ náà dúró, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ ni ó ti wọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ó ń gba alágbàṣe sí irú iṣẹ́ yìí: alágbàṣe lè lọ, onílé ni ìyà yóò bá nílé.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2012, Google gbé ìlànà tuntun kan jáde tí wọ́n pè ní Penguin, láti bá àwọn tí ń fi èrú gòkè jà. Google fúnra rẹ̀ sọ pé ó kan nǹkan bí 3.1 nínú 100 àwọn ìbéèrè tí a ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ó ṣe irinṣẹ́ kan tí onílé lè fi kọ ìtọ́ka tí kò bá fẹ́ kí a kà mọ́ òun lọ́rùn. Ní oṣù kejì ọdún 2013, ìròyìn kàn káàkiri pé Interflora, ilé iṣẹ́ tí ń ta òdòdó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pòórá lórí Google fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn tí ó ti sanwó kí àwọn ìwé ìròyìn agbègbè máa kọ àròkọ tí ó tọ́ka sí i. Àwọn ìwé ìròyìn tí wọ́n gba owó náà pàdánù lára iyì tiwọn pẹ̀lú. Ẹni tí ó ta ẹ̀rí àti ẹni tí ó rà á jọ jẹ nínú ìyà náà.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni Penguin ti di ara iṣẹ́ ojoojúmọ́ ẹ̀rọ náà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í fi ìyà jẹ ẹni tí ó ní ìtọ́ka burúkú. Ńṣe ni kì í kà á sí rárá. Ẹni tí ó ra ẹgbẹ̀rún ìtọ́ka lè ṣe bẹ́ẹ̀ sanwó fún òfo. Bí èrú náà bá pọ̀ ju àánú lọ, àwọn òṣìṣẹ́ Google lè fi ọwọ́ ara wọn dájọ́ fún ojú òpó náà, wọn yóò sì kọ̀wé sí onílé.

ASẸ́ TÍ A FI Ń SẸ́ ÌTỌ́KA

Báwo wá ni òǹtajà òkúta wa yóò ṣe mọ ìtọ́ka tí ó dára? Àwọn ìbéèrè díẹ̀ wà tí ó lè fi ṣe asẹ́.

Èkíní ni pé, ṣé ẹlẹ́rìí náà mọ ọ̀rọ̀ náà? Bí kọngilá kan tí ó ń kọ́lé ní Àbújá bá kọ ọ́ sí ojú òpó rẹ̀ pé òkúta tí òun fi kọ́ ilé kan, ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni òun ti rà á, ẹ̀rí gidi ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ilẹ̀ mì tìtì ní Mpape, ẹ̀rù sì ba àwọn ènìyàn. Bí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ní yunifásítì kan bá kọ àlàyé lórí àpáta agbègbè náà, tí ó sì tọ́ka sí ojú ewé tí òǹtajà wa ti ṣàlàyé irú òkúta tí ó wà níbẹ̀, ìyẹn náà bá a mu. Ṣùgbọ́n bí ojú òpó tẹ́tẹ́ kan ní òkè òkun bá tọ́ka sí i, kí ni tẹ́tẹ́ fẹ́ fi òkúta Mpape ṣe?

Èkejì, ta ni ó mọ ẹlẹ́rìí náà? Ojú òpó tí ènìyàn ń kà, tí àwọn mìíràn sì ń tọ́ka sí, ni ẹ̀rí rẹ̀ ń wúwo. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá ra orúkọ ojú òpó àtijọ́ kan tí àwọn tí ó ni ín ti pa tì, kí ó lè máa fi iyì wọn ṣòwò. Ẹni tí ó ra fìlà olóògbé ìjòyè kò tíì joyè. Láti oṣù kẹta ọdún 2024 ni Google ti ka irú ìwà yìí sí èrú nínú òfin rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ni ó mú un jẹ́rìí? Ẹ̀rí tí ó ti ọkàn wá ni a ń fẹ́. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn sanwó fún ìpolówó ọjà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ hàn pé owó ni. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ìṣàwárí fi gbé àmì nofollow jáde ní oṣù kìíní ọdún 2005, tí Google sì fi àmì sponsored kún un ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Ẹni tí ó bá fi àmì wọ̀nyí sí ìtọ́ka ń sọ fún ẹ̀rọ pé, “Ẹ má ka èyí sí ẹ̀rí mi.”

Ẹ̀kẹrin, níbo ni ìtọ́ka náà wà, kí sì ni ọ̀rọ̀ tí a fi kọ ọ́? Ìtọ́ka tí ó wà láàárín àlàyé, níbi tí òǹkàwé yóò ti rí i, sàn ju èyí tí a tì mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ewé pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún òmíràn. Ènìyàn gidi kì í sọ̀rọ̀ bákan náà: ẹnì kan yóò kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, òmíràn yóò kọ “òǹtajà òkúta kan ní Mpape,” òmíràn yóò kọ “ẹ wo ibí yìí.” Bí ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́rìí bá dé ilé ẹjọ́ tí gbogbo wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ kan náà láìyẹ ẹyọ kan, adájọ́ yóò béèrè ẹni tí ó kọ́ wọn.

Ẹ̀karùn-ún, àwọn wo ni ó wà nítòsí rẹ̀? Àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Bí ojú ewé tí ó tọ́ka sí òǹtajà wa bá tún tọ́ka sí tẹ́tẹ́, oògùn ayédèrú àti àwòrán ìhòòhò, kò yẹ kí ó bá wọn jókòó.

Ẹ̀kẹfà, ṣé ó ń mú ènìyàn wá? Ìtọ́ka tí ó bá ń mú oníbàárà méjì wá lóṣù wúlò lónìí, bí Google tilẹ̀ parẹ́ lọ́la. Ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè yìí nìkan tó láti ya àlìkámà kúrò lára ìyàngbò.

ÀWỌN ÀṢÌRÒ TÍ Ó WỌ́PỌ̀

Ọ̀pọ̀ gbà pé bí ojú òpó ìjọba tàbí ti yunifásítì bá tọ́ka sí ènìyàn, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .gov.ng tàbí .edu.ng, agbára àrà ọ̀tọ̀ ni ó fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ Google ti sọ ọ́ léraléra pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí irú ojú òpó bẹ́ẹ̀ bá níyì, iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni ó fún un níyì, kì í ṣe ìrù orúkọ rẹ̀.

Àṣìrò kejì ni ti máàkì. Àwọn alágbàtà ìtọ́ka a máa sọ pé, “Ojú òpó yìí gba 70 nínú 100.” Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni bí Moz àti Ahrefs ni ó ń fúnni ní irú máàkì yìí láti inú ìṣirò tiwọn, kì í ṣe ti Google. Google ti yọ máàkì PageRank tirẹ̀ kúrò ní ojú ọjà láti ọdún 2016. Irú máàkì yìí lè ṣèrànwọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ fi ojú òpó kan wé òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi òun nìkan ra ìtọ́ka ń fi àpò wọn òkúta láìwo inú àpò.

Àṣìrò kẹta ni ìpayà. Kò sí ojú òpó tí ìtọ́ka játijàti kì í lẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí òkúta tí kò ní eruku díẹ̀. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tí ó ń jẹ́ Google Search Console, tí onílé fi lè rí àwọn tí ó ń tọ́ka sí i àti ìwé ìkìlọ̀ bí ó bá wà. Bí ìkìlọ̀ kò bá sí, tí onílé kò sì ra ìtọ́ka rí, kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtọ́ka láìmọ èyí tí ó dára lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ẹlẹ́rìí rere lọ.

OHUN TÍ ÒǸTAJÀ LÈ ṢE

Owó tí òǹtajà wa ìbá kó fún ọ̀dọ́mọkùnrin orí tẹlifóònù ní iṣẹ́ tí ó lè ṣe. Kí ó kọ ojú ewé kan tí ó ṣàlàyé iye típà òkúta tí ilé oníyàrá mẹ́ta lè gbà, ìyàtọ̀ láàárín òkúta onídajì ínṣì àti èyí tí ó tóbi jù ú lọ, àti bí a ṣe ń mọ̀ bí eruku bá pọ̀ nínú ọjà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa béèrè gbogbo èyí lójoojúmọ́, ó sì mọ ìdáhùn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Kí ó bẹ àwọn kọngilá tí wọ́n ti ń bá a rà fún ọdún pípẹ́ pé kí wọ́n dárúkọ òun sí ojú òpó wọn, bí iṣẹ́ òun bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Kí ó fi orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ḿbà rẹ̀ sí ibi tí Google ti ń kọ àwọn ṣọ́ọ̀bù sórí máàpù, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn ọdún kan, ìtọ́ka rẹ̀ lè má ju mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n yóò lè dárúkọ ẹni tí ó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan òǹtajà nìkan. Ẹni tí ó ń kọ́lé, tí ó sì ń béèrè òkúta lọ́wọ́ ẹ̀rọ, gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹni tí ó kọ́kọ́ jáde ni àwọn ènìyàn jẹ́rìí sí. Bí ẹ̀rí èké bá gbé ẹni tí ń ta eruku lékè, ilé onílé ni yóò sán. Ní Mpape, òkúta tí ó dára kì í bẹ̀rù òòlù. Kí òǹtajà wa gbé ọ̀dọ́mọkùnrin náà sórí tẹlifóònù, kí ó sì bi í pé kí ó dárúkọ mẹ́wàá péré nínú ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́rìí rẹ̀. Bí kò bá lè dárúkọ wọn, kí ó dì owó rẹ̀ mọ́ àpò.